Ohùn Tó Gba Ẹ̀yìnkùlé Jáde

Olórin jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ṣí ètò orin bíi FL Studio tàbí REAPER, bíìtì ń dún kíkankíkan létí rẹ̀. Ó tún ṣí OBS, ètò ọ̀fẹ́ tó ti wà láti ọdún 2012, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbé ara wọn sáfẹ́fẹ́ ní tààrà lórí YouTube àti Facebook. Àwòrán rẹ̀ ń lọ geerege. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń wò ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ránṣẹ́ pé, "A ò gbọ́ nǹkan kan o." Nẹ́tíwọ̀kì ni àwọn olórin máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Bí kì í bá ṣe nẹ́tíwọ̀kì, wọ́n á ní ó di dandan kí àwọn ra míkísà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì tó ru àwòrán, tó wúwo ju ohùn lọ fíìfíì, kí ni kò ní jẹ́ kó lè ru ohùn? Ohùn yẹn kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ OBS rárá ni.

Windows ní ojúde kan tí ohùn orí kọ̀ǹpútà máa ń gbà kọjá: ohùn fíìmù, ohùn WhatsApp, títí dé ìkìlọ̀ pé bátìrì fẹ́ kú. Ibẹ̀ ló ti ń dà wọ́n pọ̀ kí wọ́n tó dé sípíkà, ibẹ̀ náà sì ni OBS tẹ́tí sí nígbà tí a bá yan "Desktop Audio". Ṣùgbọ́n ìdàpọ̀ yẹn ń gba àkókò. Ẹni tó ń wo fíìmù kò ní fura. Ẹni tó ń tẹ dùùrù, tí ohùn ń pẹ́ lẹ́yìn ìka rẹ̀, kò ní lè bá ìlù rìn. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ Steinberg ní Jámánì fi gbé ASIO jáde ní ọdún 1997, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tí ètò orin ń gbà bá káàdì ohùn sọ̀rọ̀ láìya ojúde. Bí bọ́fà rẹ̀, ibi tí ohùn ti ń kóra jọ kó tó kọjá, bá gba ègé ohùn 256, tí káàdì sì ń ka ohùn ní ìgbà 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdádúró tí bọ́fà yẹn ń fà kò ju nǹkan bíi ìdá márùn-ún nínú 1,000 ìdá ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ẹni tó dúró ní nǹkan bíi mítà méjì sí onílù ń fara da irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ láìmọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ pàápàá kì í gbé ohùn dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyára yìí lówó ìtanràn tirẹ̀: ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ará ojúde kò ní rí i.

Nítorí náà, ọ̀nà la máa là, kì í ṣe ọjà la máa rà. VB-CABLE lórí Windows àti BlackHole lórí Mac jẹ́ wáyà tí kò ṣeé fojú rí: bí sípíkà ló rí lójú ètò orin, bí máìkì ló rí lójú OBS. Wàhálà rẹ̀ ni pé ohùn tó bá wọ inú wáyà yẹn lè má dún létí olórin fúnra rẹ̀ mọ́, àfi kó tún pín in lọ́nà méjì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ReaStream, ètò kékeré ọ̀fẹ́ tí àwọn tó ṣe REAPER gbé jáde. Ẹ fi sórí ojú ọ̀nà àbájáde gbogbo orin, kó máa ránṣẹ́; ẹ tún fi sínú OBS gẹ́gẹ́ bí àlẹ̀mọ́ VST, kó máa gbà á. Orúkọ tí ẹ kọ sí méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. ASIO ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ̀dà ohùn sì ń dé ọ̀dọ̀ OBS.

Ẹnìkan lè ní láti ọdún 2022 ni OBS ẹ̀dà 28 ti lè gbọ́ ètò kan ṣoṣo tí a bá nàka sí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó gba inú Windows nìkan ló ń gbọ́. ASIO tí FL Studio fúnra rẹ̀ ń gbé wá ń gba ibẹ̀, nítorí náà ẹni tó kàn fẹ́ kí àwọn ènìyàn gbọ́ bíìtì tó ti parí kò nílò wáyà kankan. Ẹni tí káàdì rẹ̀ sì ní "Loopback" tẹ́lẹ̀, tó ń dá ohùn padà sínú kọ̀ǹpútà, kó lò ó. Àwọn tó ní kí a kàn gbé fóònù sí iwájú sípíkà ni mi ò lè bá ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe máìkì fóònù fún; ó máa ń fẹ́ dín ohun tó bá kà sí ariwo kù, gángan tó ń fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ á wá di gbì-gbì lásán. Ìdí kan náà ló fi yẹ kí ẹ pa "Noise Suppression" inú OBS lórí ohùn orin.

Bí orin bá wá ń dún lẹ́ẹ̀mejì bí ohùn inú kànga, ọ̀nà méjì ló ń gbà wọlé: ẹ pa "Desktop Audio". Bó bá ń ta pàrà-pàrà, ẹ wò ó bóyá ètò orin ń ka ohùn ní ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tí OBS sì ń kà á ní ìgbà 48,000, kí ẹ sọ wọ́n di ọ̀kan. Bí ohùn àti àwòrán kò bá bára mu, kámẹ́rà ló sábà máa ń pẹ́ ju ohùn lọ. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú rẹ̀, kí ẹ gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú máìkì tó wọ ètò orin. Bí àtẹ́wọ́ bá dún kí ọwọ́ tó pàdé nínú àwòrán, ẹ fi "Sync Offset" dá ohùn dúró díẹ̀díẹ̀ títí méjèèjì á fi bọ́ sójú kan náà.