Ìfura Aboyún: Àlàyé lórí Sinimá Rosemary's Baby

Nínú àwọn sinimá adẹ́rùbani tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ní ọ̀rúndún ogún, díẹ̀ ni ó fi ohun kékeré dẹ́rù ba ènìyàn tó Rosemary's Baby, tí ó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1968. Kò sí òkú tí ó jí dìde nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ife ohun mímu kan ni ó wà níbẹ̀, àti ẹ̀gbà ọrùn kan tí òórùn rẹ̀ kò dára, àti àwọn aládùúgbò àgbàlagbà tí kì í pẹ́ kí wọ́n tó tún kan ilẹ̀kùn. Ohun tí sinimá náà ń fi hàn ni pé bí gbogbo àwọn tí ó yẹ kí wọ́n dáàbò bo aboyún bá dìmọ̀ pọ̀ lé e lórí, òtítọ́ tí ó bá sọ yóò dàbí ìsọkúsọ.

Ira Levin ni ó kọ ọ́ ní ìwé ìtàn àròsọ ní ọdún 1967. William Castle, ẹni tí a mọ̀ mọ sinimá adẹ́rùbani olówó pọ́ọ́kú, ra ẹ̀tọ́ ìwé náà, ó sì fẹ́ darí eré náà fúnra rẹ̀; ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ Paramount fi iṣẹ́ ìdarí lé Roman Polanski, ará ilẹ̀ Pólándì, lọ́wọ́, Castle sì di olóòtú. Polanski tẹ̀ lé ìwé náà pẹ́kípẹ́kí.

Rosemary Woodhouse, tí Mia Farrow ṣe, jẹ́ aya Guy, òṣèré tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì gbé e níyì. Àwọn méjèèjì lọ gba ibùgbé sínú ilé ńlá àtijọ́ kan ní New York tí a ń pè ní Bramford. Ilé Dakota tí ó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ọgbà Central Park ni a ya ìta rẹ̀ fún sinimá náà. Tọkọtaya arúgbó kan, Minnie àti Roman Castevet, ni wọ́n múlé tì. Guy bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó tì wọ́n. Kò pẹ́, òṣèré tí ó gba ipò tí Guy ń wá fọ́jú lójijì, Guy sì gba ipò náà. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yàn láti wá oyún, Minnie fi oúnjẹ dídùn kan ránṣẹ́. Rosemary ní ó ń dà bí ẹfun lẹ́nu òun, ọkọ rẹ̀ sì fi ìbínú rọ̀ ọ́ kí ó jẹ ẹ́. Oorun tí kì í ṣe oorun gbé e lọ, ohun kan tí kì í ṣe ènìyàn sì bá a lò pọ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ̀rù gidi bẹ̀rẹ̀. Rosemary rí ojú èékánná lára rẹ̀, Guy sì fi ẹ̀rín dáhùn pé òun ni òun ṣe é nígbà tí ó sùn, nítorí òun kò fẹ́ kí alẹ́ náà kọjá lásán. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan kí ó lè fi bo èkejì, èyí tí ó jẹ́wọ́ náà kò sì lè mú ìyà kankan bá a. Òfin ìpínlẹ̀ New York kò ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn láàárín tọkọtaya nígbà náà. Ọdún 1984 ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní ìpínlẹ̀ náà fagi lé ààbò tí òfin fún ọkọ. Ònwòran òde òní kò sì lè ṣàìrántí pé ní ọdún 1977, Polanski fúnra rẹ̀ jẹ́bi níwájú ilé ẹjọ́ ní California pé òun bá ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá lò pọ̀, ó sì sá kúrò ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1978 kí a tó dájọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti yí ojú tí a fi ń wo sinimá yìí padà.

Nígbà tí oyún dúró, dókítà ọ̀dọ́ kan, Hill, ni Rosemary kọ́kọ́ lọ rí. Àwọn Castevet gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í lé Sapirstein, dókítà olókìkí, lọ́wọ́. Sapirstein kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe ka ìwé, kí ó má sì ṣe fetí sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀; kí ó máa mu ohun tí Minnie bá pò fún un lójoojúmọ́. Ẹni tí a bí ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ó mọ bí ìyá àgbà ti í se agbo fún aboyún, lè má rí àléébù kankan nínú ife yẹn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Levin ṣe fẹ́ kí ó rí: aṣọ ìtọ́jú ni ó fi wọ ìkà. (Ó yẹ kí a fi èyí kún un pé Sàtánì inú Bíbélì ni àwọn ará Bramford ń sìn, kò sí ohun tí ó kan Èṣù Ọ̀dàrà nínú ọ̀rọ̀ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùtumọ̀ Bíbélì ti so orúkọ méjèèjì pọ̀.)

Fún oṣù púpọ̀ ni inú fi ń dun Rosemary burúkú burúkú, tí ó ń rù, tí ojú rẹ̀ sì ń funfun bí ti òkú. Sapirstein ní yóò lọ. Níbi àpèjẹ kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin kó o wọ ilé ìdáná, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ Guy, wọ́n sì sọ fún un pé irú ìrora bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti oyún lásán. Kò sí ìgbà mìíràn tí àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá nìkan bá a sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti pinnu láti padà sọ́dọ̀ Hill ni ìrora náà dáwọ́ dúró, tí ọmọ sọ nínú rẹ̀, ayọ̀ sì pa ìfura mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìwé kan tí Hutch, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àgbà, fi sílẹ̀ fún un kí ó tó kú ni ó jí ìfura náà dìde. Rosemary kó àwọn lẹ́tà ayò Scrabble sílẹ̀, ó tú orúkọ Steven Marcato, ọmọ oṣó kan tí ìwé náà dárúkọ, ó tún un tò, ó sì di Roman Castevet. Ìfura loògùn àgbà, ni Yorùbá wí. Ṣùgbọ́n ti Rosemary, àrùn ni gbogbo ènìyàn kà á sí. Ó sá jáde nínú oòrùn, ó wọ inú àpótí tẹlifóònù ẹ̀bá títì láti pe Hill. Ẹnìkan dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó kẹ́yìn sí i. Àyà ònwòran já, ó rò pé Sapirstein ni. Ẹni náà yíjú padà: àjèjì tí ó fẹ́ lo tẹlifóònù ni, Castle olóòtú sì ni ó ṣe é.

Hill gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán pẹ̀lú sùúrù, ó ní kí ó dùbúlẹ̀ sinmi, ó sì ránṣẹ́ pe Sapirstein àti Guy. Hill kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ènìyàn rere ni. Ó kàn gbà pé dókítà àgbà àti ọkọ mọ̀ ju aboyún tí ẹ̀rù ń bà lọ, èyí ni ó sì dun ònwòran jù.

Ẹ̀rọ ayàwòrán kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fi Rosemary sílẹ̀, nítorí náà ohun tí kò mọ̀, ònwòran kò mọ̀ ọ́n. William Fraker, ẹni tí ó ya àwòrán náà, sọ bí Polanski ti ní kí òun gbé ẹ̀rọ síbi tí férémù ilẹ̀kùn yóò ti bo ojú Minnie bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, àti bí àwọn ènìyàn inú ilé sinimá ti fi orí dẹ̀gbẹ́ láti yọjú wò ó. Ruth Gordon, tí ó ṣe Minnie, gba ẹ̀bùn Oscar. Ọ́fíìsì ìjọ Kátólíìkì ní Amẹ́ríkà tí ń ṣàyẹ̀wò sinimá dá eré náà lẹ́bi pátápátá. Ní ọdún 2014, Library of Congress fi í kún àwọn sinimá tí orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ tọ́jú pamọ́.

Ní ìparí, wọ́n sọ fún Rosemary pé ọmọ náà kú. Ó gbọ́ ẹkún láti ẹ̀yìn ògiri, ó mú ọ̀bẹ, ó gba inú kọ́bọ́ọ̀dù kọjá sọ́dọ̀ àwọn Castevet, ó sì bá ibùsùn ọmọ-ọwọ́ tí a fi aṣọ dúdú bò níbẹ̀. A kò fi ọmọ náà hàn. Ojú Rosemary nìkan ni a rí nígbà tí ó rí i. Roman bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣe ìyá fún ọmọ rẹ̀, kò dá a lóhùn. Ọmọ bú sẹ́kún, ìyá àgbà kan sì ń mi ibùsùn náà tagbáratagbára. Rosemary ní mímì rẹ̀ ti yá jù. Roman ní kí ìyá náà lọ jókòó. Rosemary sún mọ́ ibùsùn, ó di í mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì í jẹ́jẹ́.