Ìdánwò Ṣáájú Iṣẹ́: Bí Autoconf Ṣe Ń Yẹ Compiler Wò

Àwọn àgbà a máa gbà wá níyànjú pé kí a má ṣe fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ odò tí a kò mọ bí ó ti jìn tó. Irú ọgbọ́n yìí ni David MacKenzie lò nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ Autoconf ní ọdún 1991.

Ètò tí ń túmọ̀ èdè C sí èdè ẹ̀rọ ni à ń pè ní compiler. Àwọn fáìlì tí ń júwe iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ fún un ni header. Ìlànà ọdún 1989 ka header 15, bí i string.h, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ìgbà náà ni ó ní wọn.

Autoconf kì í fi orúkọ ẹ̀rọ ṣe ìdájọ́. Configure tí ó ń ṣẹ̀dá yóò kọ ètò kékeré kan tí ó pe header náà, yóò sì gbé e fún compiler. Bí ó bá túmọ̀ rẹ̀ láìsí àṣìṣe, configure yóò kọ HAVE_STRING_H sínú config.h, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ètò gan-an lè gba ọ̀nà mìíràn.

Síbẹ̀, ìdánwò a máa ní ìgbà tirẹ̀. AC_HEADER_STDC, tí ń yẹ àwọn header ìlànà wò, ti di ohun àtijọ́, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ òde òní ti ní wọn.

Ní àkótán, kí olùkọ́ má ṣe fi orúkọ ilé-ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ti wá mọ ìwọ̀n ìmọ̀ rẹ̀. Kí ó fún un ní gbólóhùn kan kí ó fi àmì ohùn sí i. Èyí tí gbogbo kíláàsì bá sì ti mọ̀, kí ó yé dán wọn wò lórí rẹ̀.