Ihò abẹ́rẹ́ ni òjò ń wá: bí tapólì ṣe dé oko kòkó

Láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kejìlá ni kòkó máa ń pọ̀ jù lóko láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìsẹ̀ àti Ẹ̀mùré ní Èkìtì, òjò kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ìkórè bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó tútù fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ó lè kan dáadáa, lẹ́yìn náà wọ́n á sá a sórí pèpéle sìmẹ́ńtì tàbí orí ẹní. Bí ojú ọ̀run bá ṣú lójijì, "Ẹ fa tapólì bò ó o!" ni ẹ ó máa gbọ́. Tapólì tuntun kì í sábà jò láàárín. Bí yóò bá jò, ibi tí wọ́n ti rán abala méjì pọ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀: omi á máa kán tó, tó, tó, ní ìlà gbọọrọ kan, sórí kòkó tó ti ń gbẹ bọ̀.

Àwọn tó ń lọ òde ìnáwó náà mọ̀ ọ́n. Bí òjò bá dé, àwọn tó jókòó sábẹ́ ojú rírán kánópì ló ń kọ́kọ́ gbé àga wọn sá. Abẹ́rẹ́ ló ṣe sábàbí. Gbogbo ibi tó bá gún ló di ihò, omi kì í sì í kọ ihò bó ti wù kó kéré.

Kí tapólì tó dé, abẹ́rẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ewé gbòdògì ni wọ́n fi ń bo ahéré nínú igbó. Wọ́n á tò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ewé tó wà lókè lè gorí èyí tó wà nísàlẹ̀, omi á sì máa yọ̀ láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì títí á fi dé ilẹ̀. Òrùlé bẹ́ẹ̀ kì í jò bí wọ́n bá tò ó dáadáa, àmọ́ kò ṣeé ká, kò sì ṣeé gbé lọ sí oko mìíràn.

Àwọn atukọ̀ ojú omi ilẹ̀ Yúróòpù ló ń wá ohun tó ṣeé ká. Wọ́n ń fi ọ̀dà kun aṣọ ìgbòkun, wọ́n sì ń fi bo ẹrù. Àwọn mìíràn ń lo òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀ tàbí ìda oyin. Ó ń lé omi, ṣùgbọ́n ó wúwo, bí oòrùn bá sì mú, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

Charles Macintosh, ọmọ Scotland tó ń ṣiṣẹ́ kẹ́míkà ní Glasgow, ló gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1823 ó gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n kan: ó fi náfítà, omi tó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fi èédú ṣe gáàsì, yọ́ rọ́bà, ó fi í sáàárín aṣọ méjì, ó sì tẹ̀ wọ́n pọ̀. Omi kò rí inú aṣọ náà gbà kọjá mọ́. Àfi ìgbà tí àwọn télọ̀ gé e, tí wọ́n rán an di ẹ̀wù, ni òjò tún rí ọ̀nà. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Macintosh bẹ̀rẹ̀ sí í rán ẹ̀wù fúnra rẹ̀ kí wọ́n lè máa dí ojú rírán kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ooru ṣì ń mú rọ́bà náà lẹ̀, títí Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà àti Thomas Hancock ní England fi rí i pé bí wọ́n bá po imí ọjọ́ mọ́ rọ́bà, tí wọ́n sì fi iná yan án, kì í lẹ̀ mọ́. Ọdún 1844 ni ìwé àṣẹ Goodyear jáde.

Igbó ilẹ̀ Yorùbá náà ní ìpín nínú ìtàn rọ́bà. Igi ìrẹ́ ní oje funfun tó ń di rọ́bà. Láyé Gilbert Carter, Gómìnà Èkó, ni àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba oje rẹ̀ ti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, wá. Ní 1895, rọ́bà tó gba Èkó lọ sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn ní ìwọ̀n. Wọ́n kọ igi lára ní ìkọkúkọ, púpọ̀ nínú wọn kú, ọjà náà sì já wálẹ̀ kí ọ̀rúndún náà tó parí. Kòkó ló wá gbapò.

Tapólì ọ̀rá tó wà lóko lónìí wá láti ibòmíràn. Ní oṣù kẹta ọdún 1933, Eric Fawcett àti Reginald Gibson ní ilé iṣẹ́ ICI, Northwich, England, ń fi agbára ńlá tẹ gáàsì kan mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá nǹkan funfun bí ìda nínú ẹ̀rọ wọn. Pọlitíìnì nìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe tapólì, wọ́n ń gé e tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń hun ún bí ẹní, wọ́n á sì tún fi ọ̀rá yíyọ́ bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Irú rẹ̀ ni àjọ UNHCR ń pín fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé, mítà mẹ́rin sí márùn-ún.

Lójú ẹni tó ń pọn àgọ́ sẹ́yìn rìn, tapólì ti wúwo jù. Náílọ́ọ̀nù, tí Wallace Carothers àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé iṣẹ́ DuPont ní 1935, ló mú àgọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ wá, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ohun tí wọ́n máa fi kùn ún kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Ọ̀kan ni polyurethane, tí Otto Bayer bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 1937. Téèpù ń lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, nítorí náà ilé iṣẹ́ ló sábà ń dí ojú rírán rẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ni kò bá a lára mu: bí wọ́n bá ká a sínú àpò ní tútù, á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀, á rùn, á sì máa ṣí bí èèpo.

Èkejì ni silikóònù. Ó ń pẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn kì í lẹ̀ mọ́ ọn àfi silikóònù bíi tirẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe fèrèsé gíláàsì ń lò. Ẹni tó ni àgọ́ ló sábà ń dí i fúnra rẹ̀. Á ta àgọ́ kó le, á fi epo tí àwọn akunlé fi ń po ọ̀dà po silikóònù náà títí yóò fi ṣàn, á wá fi búrọ́ṣì kékeré fà á tọ ojú rírán, kó lè wọ inú ihò kọ̀ọ̀kan. Bó bá gbẹ lọ́jọ́ kejì, á bu pọ́dà fọ́n ọn kó má bàa lẹ̀ mọ́ra nínú àpò.

Aṣọ kánópì àti ìbòrí ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi ọ̀rá PVC bò kò nílò abẹ́rẹ́ rárá bí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná bá wà. Á yọ́ etí méjèèjì, wọ́n á tẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n á di ọ̀kan.

Fún àgbẹ̀ kòkó, owó ni ọ̀rọ̀ náà já sí. Omi inú kòkó gbígbẹ kò gbọdọ̀ ju ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á la 300 hóró sí méjì. Bí èyí tó bu bá ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn hóró mẹ́sàn-án, kòkó náà ti bọ́ kúrò ní ipò kìíní. Omi tó kán láti ojú rírán kan ṣoṣo ní òru ọjọ́ kan lè rin ju hóró mẹ́sàn-án lọ dáadáa. Ẹni tó fẹ́ ra tapólì lè na ojú rírán rẹ̀ sí oòrùn ní ìsọ̀: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ ni òjò yóò gbà.