Afọ̀nàhàn Inú Ọkọ̀: Orúkọ, Iṣẹ́ àti Yíyàn Rẹ̀ ní Agbègbè Ọ̀jọ́

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ èrò ní Mile 2 tí ó ń lọ sí Òkókómáíkò yóò gbọ́ bí ọmọ ọkọ̀ ṣe ń ka ibùdókọ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: Trade Fair, Volks, Ìyànà-Ìbà, títí ọkọ̀ yóò fi dé ibi tí ó ń lọ. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ ọmọ ọkọ̀ náà. Orí rẹ̀ ni ọ̀nà wà. Lónìí, ẹ̀rọ kan tí ojú rẹ̀ dà bí ti tẹlifíṣọ̀n kékeré wà níwájú awakọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó sì fẹ́ ṣe. Àwọn tí ń ra ọkọ̀ ń bèèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n san owó lé owó nítorí rẹ̀. Àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ ń bèèrè orúkọ tí ó yẹ kí ó máa jẹ́. Ìbéèrè méjèèjì kò jìnnà síra, nítorí pé orúkọ tí kò bá iṣẹ́ mu lè mú kí olùrà máa retí ohun tí kò sí nínú ọjà.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Iṣẹ́ méjì tí ó yàtọ̀ síra ni ẹ̀rọ yìí pa pọ̀. Èkíní ni mímọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ní ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà fi sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ojú ọ̀run fún iṣẹ́ yìí; ní ọdún 1995 ni wọ́n kéde pé ètò náà ti pé, pẹ̀lú sátẹ́láìtì 24 tí ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fi ìgbì rédíò sọ àkókò tí ó wà lójú aago rẹ̀ àti ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ a fi àkókò tí ìgbì náà lò lójú ọ̀nà ṣírò bí sátẹ́láìtì ọ̀hún ṣe jìnnà tó. Ó kéré tán, mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ gbọ́: mẹ́ta fún ibi tí ọkọ̀ wà, ìkẹrin fún àtúnṣe aago tirẹ̀. Bí aago bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá ṣìṣe, ìṣirò yóò fi 300 mítà ṣìnà, èyí tí ó tó láti gbé ọkọ̀ kúrò lójú títì wọ inú ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó. Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń dín ìpéye ìṣirò yìí kù fún ẹni tí kì í ṣe ológun. Rọ́ṣíà, Ṣáínà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù pẹ̀lú ti ní irú ètò yìí. Ẹnikẹ́ni kì í san owó láti gba ìgbì wọn, gbígbà á kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì.

Iṣẹ́ kejì ni mímọ ọ̀nà. Èyí kò ti ojú ọ̀run wá rárá. Inú àwòrán-ilẹ̀ tí ènìyàn yà, tí wọ́n sì kó sínú ẹ̀rọ, ni ó ti wá. Sátẹ́láìtì kò mọ Ìbà yàtọ̀ sí Ọ̀jọ́. Ohun tí ẹni tí ó ya àwòrán-ilẹ̀ kò mọ̀, ẹ̀rọ kò lè mọ̀ ọ́n.

Orúkọ tí ó yẹ ẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ó tètè ń wá sí ẹnu ni amọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tí ó dùn gbọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pe ẹ̀rọ ní amọ̀nà ti jẹ́rìí sí i pé ó mọ ọ̀nà. Atọ́kùn ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn egúngún àti lórí rédíò. Atọ́nisọ́nà sì ti sún mọ́ ọ̀rọ̀ ìwà àti ẹ̀kọ́ jù. Afọ̀nàhàn ni ó ṣe wẹ́kú: ó ń fi ọ̀nà tí ó wà nínú àwòrán-ilẹ̀ hàn, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ara rẹ̀.

Ní ti sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá, òṣùpá àtọwọ́dá sàn ju ìràwọ̀ àtọwọ́dá lọ, nítorí pé òṣùpá ni ó ń yí ayé po, ìràwọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ku bí wọn yóò ṣe ya èyí tí ó bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n rà ní ọjà Alábà tí wọ́n sì dè mọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn náà. Yorùbá ti ní àpẹẹrẹ rẹ̀ nínú ìsọmọlórúkọ: orúkọ àmútọ̀runwá yàtọ̀ sí orúkọ àbísọ. Nípa irú ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí, àbọ́kọ̀wá yóò dúró fún ti ilé-iṣẹ́, àfikún yóò sì dúró fún ti ọjà.

Ohun tí olùrà yẹ kí ó wò

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Èkó ni tòkunbọ̀. Afọ̀nàhàn àbọ́kọ̀wá tí ó wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà lè máà ní ju àwòrán-ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ nínú. Bí ọkọ̀ náà bá dé Òkókómáíkò, yóò mọ ibi tí ó wà láìṣìṣe, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yóò ṣófo, bí ẹni pé inú aginjù ni ó wà. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Àwòrán-ilẹ̀ ni kò sí. Olùrà tí ó ti gbà pé amọ̀nà ni òun rà yóò rò pé wọ́n ta ẹ̀rọ tí ó ti kú fún òun.

Àwòrán-ilẹ̀ a sì máa gbó. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí tún òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ṣe, pẹ̀lú ọ̀nà ojú irin tí yóò parí sí Òkókómáíkò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láàrin Marina àti Mile 2. Lójú ọ̀nà tí iṣẹ́ ti ń lọ báyìí, ibi tí wọ́n ń gbà lánàá lè di ibi tí wọ́n dí lónìí. Fóònù tí ó ń gba àwòrán-ilẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè tètè gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Àbọ́kọ̀wá tí kò ní ọ̀nà àtúnṣe kò lè gbọ́ ọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò nílò dátà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi yíyí táyà ọkọ̀ mọ ibi tí ó dé nígbà tí ìgbì sátẹ́láìtì bá já.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ orúkọ ibi. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé Ìyànà-Ìbà kì í ṣe Ìbà: ibi tí ọ̀nà ti yà sí Ìbà ni, ìlú náà ṣì wà níwájú. Volks sì gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Volkswagen, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1975. Ilé-iṣẹ́ Jámánì náà ti lọ tipẹ́, orúkọ kò lọ. Bí wọ́n bá kọ Ọ̀jọ́ láìsí àmì, ó lè di òjò, ó lè di ọjọ́, ó sì lè di Òjó. Ìlú Ìbà pàápàá lè di àìsàn. Ohùn tí a fi ahọ́n Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yóò pè é bákan, awakọ̀ kò sì ní mọ ìgbà tí wọ́n dárúkọ ibi tí ó ń wá.

Nítorí náà, ìdánwò kan tó fún olùrà. Kí ó jókòó sínú ọkọ̀, kí ó sì ní kí ẹni tí ń tà á tan ẹ̀rọ náà. Kí ó tẹ Ọ̀jọ́, kí ó tẹ Ìbà, kí ó tẹ Òkókómáíkò. Kí ó wò bóyá wọ́n yọ, bóyá Ìbà yàtọ̀ sí Ìyànà-Ìbà, àti bóyá àwòrán-ilẹ̀ náà ṣe é fi tuntun rọ́pò. Bí kò bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó má ṣe fi kọ́bọ̀ kún owó ọkọ̀ nítorí ẹ̀rọ náà. Fóònù rẹ̀ tó o.

Ìkádìí

Iṣẹ́ tí ó kù kì í ṣe ti oníṣòwò nìkan. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tí afọ̀nàhàn nílò láti fi sọ̀rọ̀: yà, tọ̀ ọ́ lọ, já sí, ṣẹ́rí padà, ìyànà, ìkóríta. Bí àwọn onímọ̀ èdè bá kọ orúkọ ìlú àti ibùdókọ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé, tí wọ́n sì fi lé àwọn tí ń ya àwòrán-ilẹ̀ lọ́wọ́, ohun tí ọmọ ọkọ̀ Òkókómáíkò mọ̀ lórí yóò wọ inú ẹ̀rọ. Nígbà náà ni afọ̀nàhàn yóò tó ẹni tí à ń pè ní amọ̀nà.