Tí Yìnyín Greenland Bá Ń Yọ́, Òkun Ibo Ló Máa Kún?

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Erékùṣù ńlá kan wà lókè àríwá ayé tó ń jẹ́ Greenland. Yìnyín ló bo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ibi tí yìnyín náà ti nípọn jù sì tó kìlómítà 3. Tí yìnyín yìí bá ń yọ́ wọ inú òkun, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí omi tó wà létí Greenland gan-an?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa sọ pé yóò kún. Rárá o. Ńṣe ló máa lọ sílẹ̀.

Ohun tó ń ṣì wá lọ́nà ni pé a máa ń rò pé bíi bẹ́síìnì ni òkun rí: da omi sí i lápá kan, á sì ga bákan náà yíká. Ṣùgbọ́n ojú ayé ni omi òkun tẹ́ sí, ohun tó sì dì í mú síbẹ̀ ni òòfà, agbára kan náà tó ń mú kí máńgòrò já bọ́ sílẹ̀ dípò kó gba òkè lọ. Ohunkóhun tó bá wúwo ló ní òòfà tirẹ̀. Èmi ní, ẹ̀yin náà ní, àpáta Olúmọ náà ní. Tiwa kàn kéré débi pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lára ni. Ti yìnyín Greenland kò kéré rárá. Ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń fa omi òkun mọ́ra, omi sì ga sókè yí i ká. Ojú lásán kò lè rí i, torí ibi tó ti ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wálẹ̀ gùn tó ọ̀pọ̀ kìlómítà.

Tí yìnyín bá wá ń yọ́, òótọ́ ni pé omi ń wọ inú òkun. Ṣùgbọ́n òòfà tó ń fa omi mọ́ra náà ń dín kù, omi tó ti kó jọ síbẹ̀ á wá tú ká, á gba ọ̀nà jíjìn lọ. Ilẹ̀ tí ẹrù kúrò lórí rẹ̀ á tún máa gbéra sókè. Nítorí náà, láàárín nǹkan bíi 2,000 kìlómítà sí yìnyín tó ń yọ́, òkun ń lọ sílẹ̀ ni. Kọjá ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ga, tí ọ̀nà bá sì jìn dáadáa, gíga rẹ̀ a máa ju ìpín tí à bá fi pín in dọ́gba lọ. Ẹ ò rí i pé àwọn ará Netherlands, tí apá kan ilẹ̀ wọn rẹlẹ̀ ju òkun lọ, ní láti máa ṣọ́ Antarctica tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún ju Greenland tó sún mọ́ wọn lọ!

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1888, ará Amẹ́ríkà kan, Robert Woodward, ti ṣírò bí òkìtì yìnyín ṣe lè fa òkun mọ́ra. Ṣùgbọ́n ó mú ayé bí ohun líle tí kì í tẹ̀. Ọdún 1976 ni William Farrell àti James Clark kọ ìṣirò tó kó yìnyín, omi àti ilẹ̀ tó ń tẹ̀ pọ̀ sójú kan, òun náà sì ni ìpìlẹ̀ èyí tí kọ̀ǹpútà ń ṣe títí dòní.

Ìṣirò náà ń lé ìrù ara rẹ̀ ni. Kí a tó mọ ibi tí omi máa lọ, a ní láti mọ bí òòfà ṣe rí. Ṣùgbọ́n omi tó lọ síbẹ̀ ní òòfà tirẹ̀, ó sì wúwo, á tẹ ìsàlẹ̀ òkun mọ́lẹ̀. Ìyẹn á tún yí òòfà padà. Omi á tún ṣí. Kọ̀ǹpútà á wá méfò lákọ̀ọ́kọ́, á ṣírò, á tún un ṣe, á tún ṣírò, títí ìdáhùn kò fi ní yí padà mọ́.

Ta ló wá ń wọn yìnyín? Ibí ni mo fẹ́ràn jù. Ní oṣù kẹta ọdún 2002, Amẹ́ríkà àti Jámánì fi sátẹ́láìtì méjì ránṣẹ́ sójú òfuurufú, orúkọ iṣẹ́ náà ni GRACE. Wọn kò ya fọ́tò ilẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń sáré tẹ̀ lé ara wọn, nǹkan bíi 220 kìlómítà ló wà láàárín wọn, iṣẹ́ wọn kò sì ju kí wọ́n máa wọn àlàfo yẹn lọ. Tí èyí tó wà níwájú bá ń sún mọ́ ibi tó wúwo bíi Greenland, òòfà ibẹ̀ á fà á síwájú díẹ̀, àlàfo á fẹ̀ sí i. Tó bá yá, á fa tẹ̀yìn náà, àlàfo á tún sún. Ìyípadà tó tín-ín-rín ju fọ́nrán irun orí lọ ni wọ́n ń kà. Láti inú ìyẹn ni a ti ń mọ ìwọ̀n ayé lóṣooṣù. Iṣẹ́ náà parí lọ́dún 2017, àwọn méjì mìíràn sì rọ́pò wọn lọ́dún 2018. Wọ́n fi yé wa pé Greenland ń pàdánù ju 250 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù yìnyín lọ́dún kan, tí a bá mú un ní ìpíndọ́gba. Ti Antarctica ju 100 bílíọ̀nù lọ.

Ìṣòro kan wà o. Sátẹ́láìtì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín yìnyín àti òkúta, ìwúwo nìkan ló mọ̀. Ilẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó gbàgbé ẹrù. Ní nǹkan bíi 20,000 ọdún sẹ́yìn, yìnyín bo Kánádà, ó tẹ ilẹ̀ wọlẹ̀ bí ẹni tó sanra ṣe ń tẹ fóòmù. Yìnyín náà ti lọ tipẹ́, síbẹ̀ ilẹ̀ etí Hudson Bay ṣì ń gbéra ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ́dún, torí òkúta gbígbóná ìsàlẹ̀ ń rọra ṣàn padà wá sábẹ́ rẹ̀. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ Antarctica, tí yìnyín rẹ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà yẹn. Òkúta tó ń padà wá yìí ń fi ìwúwo kún ibẹ̀, ó sì ń bo apá kan yìnyín tó ń lọ mọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbọ́dọ̀ fojú ìṣirò yọ ọ́ kúrò. Ibi tí àríyànjiyàn pọ̀ sí nìyẹn, torí ní Antarctica, ohun tí wọ́n ń yọ kúrò kò kéré rárá sí ohun tí wọ́n ń wá.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ìṣirò náà dúró. Lọ́dún 2022, Sophie Coulson àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Wọ́n lo ohun tí àwọn sátẹ́láìtì tó ń wọn gíga ojú omi ti rí ní àyíká Greenland, bí omi sì ṣe ń lọ sílẹ̀ tó sì ń ga níbẹ̀ bá ohun tí ìṣirò ti sọ mu.

Àwa ńkọ́? Ẹ wo máàpù. Èkó jìnnà sí Greenland, ó sì jìnnà sí Antarctica. Àwọn ará Netherlands rí ẹ̀dínwó gbà lọ́wọ́ ọ̀kan. Àwa kò rí gbà lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Láti Badagry dé etíkun Ìlàjẹ, yìnyín tó bá yọ́ lókè ayé ń kàn wá, èyí tó bá yọ́ nísàlẹ̀ ayé náà ń kàn wá, ní ìpín kíkún.

Mi ò sọ pé Greenland nìkan ló ń jẹ Ayétòrò, níbi tí òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ wọn. Ilẹ̀ etíkun tó ń rì fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ìgbì tó ń kó yanrìn lọ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ògiri òkun, tí ẹnì kan sì sọ pé òkun ayé máa fi iye báyìí ga ní ìpíndọ́gba, ẹ bi í pé ṣé iye ti Ìlàjẹ nìyẹn, àti pé yìnyín ibo ló fi ṣírò rẹ̀.