Bí Alùpùpù Àtijọ́ Bá Kọ̀ Láti Ṣíná: Ẹ̀kọ́ fún Olùgùn ní Lọ́kọ́jà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìdí igi ni a ti ń gun igi. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn tí ń fi alùpùpù wá oúnjẹ òòjọ́ mu púpọ̀, pàápàá ní ìlú Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya ti pàdé Odò Bẹ́núé. Kùtùkùtù òwúrọ̀ ni ọlọ́jà, ọmọ ilé-ìwé àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń jáde. Ẹni tí alùpùpù rẹ̀ bá kọ̀ láti ṣíná ní aago mẹ́fà àárọ̀ ti pàdánù wákàtí tí owó ń wọlé jù. Bí ó bá tún jẹ́ pé alùpùpù oníṣẹ́-owó ni, tí ó gbọ́dọ̀ san iye kan fún ẹni tó ni ín kí ilẹ̀ tó ṣú, ìdààmú di méjì.

Yorùbá kì í ṣe àjèjì ní Lọ́kọ́jà. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ tẹ̀dó sí àyíká ìlú náà tipẹ́, ọ̀nà Kàbà sì ni àwọn ọmọ Òkun ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà dé kò tíì mọ ìsọ̀ rìwáyà tó ṣeé fọkàn tán, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó lọ sí Mínnà, Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì. Irú wọn ni a máa ń sọ fún pé bátìrì ti kú. Wọn a ra tuntun, ẹ́ńjìnnì kò ní dáhùn. A ó tún ní kọ́ìlì ni, wọn a rà á. Nígbà tí owó bá ti tán, a óò wá rí i pé wáyà kan ṣoṣo ló já sábẹ́ ìjókòó. Kì í ṣe gbogbo rìwáyà ni olè. Ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọn kò tọpa àìsàn náà létòlétò. Ẹni tó bá mọ ètò rẹ̀ kò ní fi owó oúnjẹ ọmọ ra ohun tí kò bàjẹ́.

Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà ṣiṣẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó dáhùn. Ọ̀nà kìíní bẹ̀rẹ̀ láti inú bátìrì lọ sí sítátà tí ń yí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀nà kejì ni èyí tí ń mú iná ta ní ẹnu púlọ́ọ̀gì kí epo lè gbiná. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́, irú bíi Honda CG125 tó jáde ní 1976, máginẹ́ẹ̀tì tó wà lára ẹ́ńjìnnì ni ó ń pèsè iná púlọ́ọ̀gì, kì í ṣe bátìrì. Bákan náà ni ó rí nínú ọ̀pọ̀ àwòkọ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà, tí wọ́n fi sítátà kún. Nítorí náà, bí sítátà bá kọ̀, ṣùgbọ́n tí a fi ẹsẹ̀ ta kíìkì tí ẹ́ńjìnnì sì dáhùn, ọ̀nà kìíní ni àìsàn wà. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kọ́ìlì. Bí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì dáadáa tí kò sì ṣíná, ọ̀nà kejì tàbí epo ni kí a yẹ̀ wò. Àwọn alùpùpù kan wà tí iná púlọ́ọ̀gì wọn ń ti inú bátìrì wá. Nínú ìwọ̀nyí, bátìrì tó rẹ̀ tán lè dí ọ̀nà méjèèjì.

Ọ̀nà kìíní ni kí a kọ́kọ́ tọ̀. Kí olùgùn tan kọ́kọ́rọ́, kí ó sì tẹ fèrè. Bí fèrè bá ké ketekete, bátìrì ṣì ní ẹ̀mí. Lẹ́yìn èyí kí ó tẹ sítátà, kí ó sì tẹ́tí sílẹ̀. Bí ó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́, tí iná ojú mítà sì ń ṣú, agbára bátìrì ti lọ sílẹ̀, tàbí orí rẹ̀ ti dípẹtà. Bí ó bá dún kẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí iná kò sì ṣú, rílè ti gbọ́ àṣẹ, ṣùgbọ́n iná kò dé inú sítátà, tàbí kí búrọ́ọ̀ṣì inú sítátà ti jẹ tán. Bí kò bá dún rárá, kí a wo fíùsì, bọ́tìnnì sítátà, àti bóyá jíà wà ní ọ̀fẹ́. Ọ̀pọ̀ alùpùpù ni sítátà rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ bí jíà bá wọlé tí a kò sì di kúlọ́ọ̀ṣì mú.

Bátìrì alùpùpù tó jẹ́ ti fóòtì 12 máa ń tó fóòtì 12.6 bí ó bá kún tí a sì jẹ́ kó sinmi. Bí mítà bá ka 12 péré, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ooru Lọ́kọ́jà mú púpọ̀, ooru sì máa ń tètè fa omi inú bátìrì gbẹ, ó sì ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Bátìrì tó ní ìdérí tí à ń ṣí gbọ́dọ̀ ní omi dé ààrin ìlà méjèèjì tó wà lára rẹ̀. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà ni kí a fi kún un, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tàbí ti kànga. Bí ẹ̀tù funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá bo orí rẹ̀, kí a kọ́kọ́ tú wáyà orí tó ní àmì −, kí a tó tú ti àmì +. Kí a fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí a gbẹ ẹ́, kí a dè é le, kí a sì fi gírísì díẹ̀ pa á. Púpọ̀ nínú bátìrì tí a ń sọ nù ni iṣẹ́ yìí ì bá jí dìde.

Ọ̀rọ̀ fíùsì gba ìkìlọ̀. Fíùsì kì í dédé jó. Bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i bá tún jó, wáyà kan ti bó, ó sì ń kan irin níbì kan. Àwọn kan a máa fi wáyà lásán tàbí bébà inú páálí sìgá dí ojú fíùsì. Alùpùpù lè ṣíná lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà tó ń gbóná lábẹ́ táǹkì epo lè sọ alùpùpù àti ẹni tó gùn ún di eérú.

Ní ti ọ̀nà kejì, kí a tú púlọ́ọ̀gì, kí a fi í pa dà sínú fìlà rẹ̀, kí a gbé irin rẹ̀ lé ara ẹ́ńjìnnì níbi tó jìnnà sí ihò tí a ti tú u, kí a sì rí i pé epo kò dà sílẹ̀ nítòsí. Bí a bá ta kíìkì, iná aláwọ̀ búlúù tó lágbára ni ó yẹ kó ta. Bí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tí kò sí, kí a fi púlọ́ọ̀gì mìíràn tó dára dán an wò. Bí kò bá tíì sí iná, kí a wá wáyà tí kọ́kọ́rọ́ fi ń pa ẹ́ńjìnnì. Nínú Honda àti àwọn àwòkọ rẹ̀, dúdú tó ní ìlà funfun ni ó sábà máa ń jẹ́. Nínú alùpùpù tí máginẹ́ẹ̀tì ń fún púlọ́ọ̀gì níná, wáyà yìí máa ń pa ẹ́ńjìnnì nípa kíkan irin. Bí a bá yọ ọ́ fún ìgbà díẹ̀ tí iná sì ta, kọ́kọ́rọ́ tàbí súwíìsì tó gbomi ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Owó kékeré ló kù, kì í ṣe owó kọ́ìlì.

Nínú àwọn àgbà alùpùpù tí ń lo pọ́ìǹtì, sáńpépà dídán ni a fi ń nu ojú rẹ̀ nígbà tó bá dúdú. Àlàfo rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà 0.3 sí 0.4 lọ. Bí pọ́ìǹtì bá ń jó lemọ́lemọ́ lẹ́yìn tí a ti nù ún, kí a yí ojú sí kọ́ńdẹ́ńsà.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó kàn. Ní 2012 àti ní 2022, odò kún bo apá kan Lọ́kọ́jà, ọ̀nà Ganaja sì wà lára ibi tí omi gbà. Ẹni tí omi bá bo alùpùpù rẹ̀ kò gbọdọ̀ tan kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láti dán an wò. Bátìrì ni kí ó kọ́kọ́ tú. Kí ó fi omi mímọ́ ṣan ẹrẹ̀ kúrò, kí ó ṣí gbogbo ìsopọ̀ wáyà, kí ó sì sá wọn sí oòrùn. Bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá funfun bí ògì, omi ti wọlé. Kí ó má ta kíìkì títí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra àlòkù ní ìlú etí odò, kí ó tú ìsopọ̀ wáyà kan tàbí méjì wò kí ó tó sanwó. Ẹrẹ̀ gbígbẹ tàbí ìpẹtà aláwọ̀ ewé nínú rẹ̀ yóò sọ ohun tí ẹnu ẹni tó ń tà á kò ní sọ.

Nígbà tí alùpùpù bá ṣíná tán, iṣẹ́ ṣì ku ẹyọ kan. Kí a tẹ iná rẹ̀ sókè díẹ̀, kí a fi mítà wo orí bátìrì. Bí ó bá wà láàrin fóòtì 13.5 sí 14.5, iná ń wọ bátìrì. Bí kò bá kúrò ní 12, rẹ́tífáyà tàbí kọ́ìlì máginẹ́ẹ̀tì kò ṣiṣẹ́ mọ́, bátìrì tuntun tí a bá rà yóò sì tún kú láàrin ọjọ́ díẹ̀.

Fèrè, fíùsì, orí bátìrì, púlọ́ọ̀gì, wáyà ìpaná: àyẹ̀wò wọn kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ, kò sì ná olùgùn ju sípánà, búrọ́ọ̀ṣì àti sùúrù lọ. Ẹni tó bá ṣe wọ́n kí ó tó tọ rìwáyà lọ yóò lè sọ ibi tó ń dùn ún. Àlejò tó bá sì mọ orúkọ àìsàn ẹran rẹ̀, oníṣègùn kì í lè tan án jẹ.