Ohun Tí Ọmọdé Gbé Mì, Eyín Ló Ń Lọ̀ Ọ́ Lóru

Láàárín oṣù díẹ̀ yìí, ìyá mẹ́ta ló gbé ọ̀rọ̀ kan náà wá bá mi: ọmọ ń payín keke lójú oorun. Ọ̀kan ní aràn ni. Èkejì ní ayé ló ń fún ọmọ òun lóúnjẹ lójú àlá. Ẹ̀kẹta ò bèèrè ìdí rẹ̀ rárá, ohun tí a máa fi rúbọ ló fẹ́ mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ síbí, kí gbogbo ilé lè kà á.

Bí ọmọ bá ní aràn, ẹ fún un ní oògùn aràn. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà eyín ò ka aràn sí ìdí pàtàkì tí eniyan fi ń payín keke. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ló ń ṣe é, pàápàá lásìkò tí wọ́n bá ń pààrọ̀ eyín, láti bí ọmọ ọdún 6. Ti ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Èyí tí ọ̀rọ̀ mi dá lé ni èyí tí kò lọ, tàbí tó ń le sí i nígbà tí ìdààmú bá wà nílé tàbí nílé ìwé.

Ẹ jẹ́ á wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Oorun ò rí bákan náà láti alẹ́ dé àárọ̀. Ó máa ń wọra, ó tún máa ń fúyẹ́. Ìgbà tó bá fúyẹ́ ni eyín sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó fi ẹ̀rọ ṣọ́ ẹni tó ń sùn rí i pé àyà á kọ́kọ́ yára lù, lẹ́yìn náà ni iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fún pọ̀, eyín á wá máa lọ ara wọn. Ẹ ò rí i? Àyà ló ń ṣíwájú, eyín ló ń tẹ̀lé e. Ara tó bá sì ti kọ́ láti kékeré pé ìyà lè dé nígbàkúgbà, kì í sinmi tán, bí ewu náà tilẹ̀ ti kọjá tipẹ́.

Ọkùnrin kan tó ti lé lógójì ọdún wá sọ́dọ̀ mi. Ìyàwó rẹ̀ ló tì í wá, ó ní ariwo eyín ọkọ òun dà bí ìgbà tí wọ́n ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ. Tó bá jí, ẹ̀bátí á máa fọ́ ọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á le gan-an. Eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ pẹlẹbẹ. Mo dá Ifá, Ifá tọ́ka sí Orí rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ kan wà níkùn tí kò tíì jáde. Mo wá bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló dàgbà sí.

Ó dákẹ́ títí. Ó ní ọmọ ọdún 7 lòun nígbà tí wọ́n fa òun lé ìbátan kan lọ́wọ́. Bí wọ́n bá nà án níbẹ̀, wọ́n á ní, "Gbé e mì! Mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn ẹ!" Á wá di eyín pọ̀ kí ẹkún má bàa jáde. Lóru, etí aṣọ ló máa ń gé jẹ lórí ẹní. Ó ní, "Baba, ẹ̀yin lẹ́ni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún."

A bọ Orí rẹ̀. Mo ní kó sọ ìtàn náà fún ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú. Mo sì ní kó lọ rí dókítà eyín, wọ́n bá a ṣe ohun tó ń fi bo eyín sùn. Ìyàwó ní ariwo náà ti dínkù, kò tíì tán.

Mi ò ní ká má bá ọmọ wí o. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ká na ọmọ tán, ká tún ka ẹkún léèwọ̀ fún un, ọwọ́ ọ̀tún dà níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tiwa tún lé kan sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn, ọmọ ọdún 9, sọ fún mi pé òun máa ń bọ́ ìdè ọwọ́ òun ní oríta, òun á kó o sínú báàgì, òun á tún so ó kí òun tó délé. Wọ́n ń pè é ní ọmọ èṣù ní kíláàsì. Kò sọ nílé, torí kò fẹ́ kí inú ìyá rẹ̀ bàjẹ́. Ẹnu méjì ni ọmọ kékeré yìí ń gbé kiri, ọ̀kan fún ilé ìwé, ọ̀kan fún ilé. Ṣé ó yẹ kó yà wá lẹ́nu pé eyín rẹ̀ ò sinmi lóru?

Ẹ̀yin òbí, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé pẹ̀lú sùúrù. Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀sìn rẹ̀. Ó tún ní a ò gbọ́dọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí ṣe ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nílé, ẹ bi ọmọ léèrè ní ìrọ̀lẹ́ pé, "Kí ló dùn ọ́ lónìí?" Bó bá sọ ọ́, ẹ má bú u, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ẹ má jí i lóru láti bá a jà nítorí eyín, kò mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀sán náà ń kọ́? Bí ẹnu bá pa dé, eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò yẹ kó kanra. Ẹ máa yẹ ara yín wò. Ọtí, sìgá àti obì jíjẹ lálẹ́ máa ń mú un le sí i, torí obì kì í jẹ́ kí oorun wọra. Mi ò ní kẹ́ ẹ má fi obì bọ o, ẹ kàn má jẹ ẹ́ púpọ̀ kẹ́ ẹ tó sùn.

Bí ọmọ bá ń hanrun, tí ìmí rẹ̀ ń dá lójú oorun, tàbí tí eyín ń jẹ́ tó sì ń dùn ún, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kì í ṣe gbogbo eyín keke ló ti inú ìbànújẹ́ wá; bèlúbèlú tó wú, oògùn kan tí eniyan ń lò, tàbí ìran lè fà á. Funfun ara eyín tó bá sì ti jẹ tán kì í hù padà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹni tó lọ sọ́dọ̀ dókítà ti kọ Ifá sílẹ̀. Ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, láti nǹkan bí 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n T. A. Lambo, dókítà tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ, pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti bá a ṣiṣẹ́ pọ̀, àwọn aláìsàn sì ń gbé láàárín ìlú pẹ̀lú ará ilé wọn. Bí wọ́n bá lè jókòó pọ̀ nígbà yẹn, kí ló máa dí wa lọ́wọ́ lónìí?

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé lè sọ tiẹ̀. Orí wa á gbè wá, oorun àwọn ọmọ wa á sì jẹ́ oorun àlàáfíà. Àṣẹ.